Adjaro, Ọmọbìnrin Atakpamé

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ nílùú wa níhìn-ín, ní Atakpamé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni. Adjaro ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1884 ni àwọn òyìnbó Jámánì gba etí òkun Togo. Nígbà tí ó yá, wọ́n gòkè wá bá wa, wọ́n sì dá ibùdó ìjọba sílẹ̀ ní Atakpamé. Òyìnbó kan ni wọ́n fi ṣe olórí ibùdó náà. Òun ló ń pàṣẹ, òun ló ń kó ènìyàn lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, òun ló ń dá ẹjọ́, òun náà ló ní sọ́jà àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ yín, ta ni ẹ óò fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Ohun tí ó bá Adjaro nìyẹn. Geo Schmidt ni orúkọ olórí ibùdó náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó fi tipá bá Adjaro lò, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni Adjaro nígbà náà. Àwọn fádà Kátólíìkì tí wọ́n wà ní Atakpamé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Jámánì ni àwọn náà. Wọ́n gbé ẹjọ́ Schmidt lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Schmidt náà fi ẹ̀sùn kan àwọn fádà. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ti àwọn fádà kan mọ́lé ní ọdún 1903. Ní ti Schmidt, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀, wọ́n ní kò jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1906, ó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì ní Berlin. Aṣòfin kan tí ń jẹ́ Roeren dìde, ó sọ ohun búburú tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe ní Togo. Dernburg, tí ó jẹ́ olórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nínú ìjọba, dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú. Ìwé ìròyìn Jámánì gbé e kiri. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ Atakpamé ṣe di ọ̀rọ̀ ìlú ńlá.

Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ bá mi rò ó. Schmidt kọ ìwé. Àwọn fádà kọ ìwé. Àwọn adájọ́ kọ ìwé. Ohun tí àwọn aṣòfin sọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wọn, ọkùnrin ni. Nígbà náà, obìnrin Jámánì pàápàá kò lè dìbò. Ọdún 1918 ni wọ́n tó fún wọn láyè. Ta ni kò kọ ìwé? Adjaro ni. Ohun tí ó sọ, ẹlòmíràn ló gbọ́ ọ, ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Àwọn ọkùnrin fi orúkọ rẹ̀ bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò sí. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni.

Ṣùgbọ́n kí a má dá òyìnbó nìkan lẹ́bi. Nínú agbo ilé wa náà, bí ẹbí bá pé jọ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ta ló ń jókòó níwájú? Ta ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Nígbà tí Faransé ń ṣe àkóso Togo, òfin ọdún 1951 fún obìnrin tí ó ti bí ọmọ méjì láyè láti dìbò. Ẹ wò ó: ọkùnrin kò nílò láti ka iye ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1956 fún gbogbo àgbà láyè, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nítorí náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1958, nígbà ìbò ńlá tí ó ṣí ọ̀nà òmìnira, àwọn ìyá wa dìbò. Òfin ẹbí ti ọdún 1980 ṣì fi ọkọ ṣe olórí ilé. Òfin ọdún 2012 ní kí ọkọ àti aya jọ máa darí rẹ̀. Ní ọdún 2020, obìnrin kan, Victoire Tomegah Dogbé, di olórí àwọn mínísítà Togo, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2025.

Ó dára. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, ìyá kan mú ìwé wá sí kíláàsì wa. Ó ti tẹ àtàǹpàkò sí i. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí lásán ni. A jọ kà á: ó ti gbà pé òun kò ní ìpín nínú oko bàbá òun. Ìyá náà kò sunkún. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ kọ́ mi kí n lè kọ orúkọ mi.”

Adjaro kò rí ẹni kọ́ ọ. Ẹ̀yin rí i. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ má ní ó ti rẹ̀ yín. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí ìyàwó àti ọmọbìnrin yín wá. Ẹni tí kò lè kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa kọ ọ́ fún un, bí ó ti wù ú.