"WỌ́N KỌ́ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ YÌÍ": Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá Nínú Ìwádìí Ìtàn Ilé Ìjọsìn Abúlé ní Agbègbè Àgége

1. Ìfáárà

Bí a bá bi àwọn àgbà abúlé léèrè pé ta ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Wọ́n ti kọ́ ọ tipẹ́." Ìdáhùn yìí kúrú, ó sì máa ń tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ gírámà èdè wa yóò ṣàkíyèsí pé ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà túmọ̀ "wọ́n" inú gbólóhùn náà. Èkíní, ó lè dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a mọ̀. Èkejì, ó lè dúró fún àgbà kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀kẹta, ó lè má tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pàtó, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá sọ pé, "Wọ́n jí i ní owó," tí a kò sì mọ olè náà.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé inú "wọ́n" yìí gan-an ni ìtàn àwọn ilé ìjọsìn abúlé farasin sí, àti pé olùkọ́ Yorùbá ni ó ní irinṣẹ́ tí a fi lè tú u jáde. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ti inú oko kòkó Àgége jáde ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

2. Oko kòkó àti ìjọ Ọlọ́run ní Àgége

Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Captain James Davies, oníṣòwò ọmọ Sàró tí òwò rẹ̀ ti dojú dé, dá oko kòkó sí Ijon, lẹ́bàá Àgége. Àwọn mìíràn tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, tí ó dá oko ńlá sí Ìfákò. Ní ọdún 1896 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà reluwé láti Èkó lọ sí òkè. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ìkẹjà àti Àgége wà lójú ọ̀nà yìí, nítorí náà ó wá rọrùn láti kó kòkó dé etí òkun.

Ọdún 1901 yìí kan náà ni aáwọ̀ ńlá ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó. James Johnson ti jẹ́ àlùfáà ibẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ní ọdún 1900 ni a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ní kí ó kúrò nínú ilé àlùfáà, inú bí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìjọ. Coker, tí í ṣe aṣojú tí ìjọ yàn láti máa bá àlùfáà bójú tó ọ̀rọ̀ ìjọ, ni ó ṣáájú wọn jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ilé kan tí à ń pè ní Rose Cottage, ní Marina, ni wọ́n kọ́kọ́ ti ń sìn. Báyìí ni African Church ṣe bẹ̀rẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Inú ìjọ Áńgílíkà ni ó wà títí ó fi kú ní ọdún 1917.

Òpìtàn J. B. Webster ni ó fi hàn kedere pé oko Àgége àti African Church kò ṣeé yà nípa. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìjọ wọ̀nyí jáde ní ọdún 1964. Owó kòkó ni ó ran ìjọ tuntun náà lọ́wọ́, nítorí pé kò sí owó òkèèrè tí ó ń wọlé fún un. Àwọn àgbẹ̀ ńlá ni ó ń ná owó sórí rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní ọdún 1907. Níbi tí oko bá dé ni ìjọ ń dé.

3. Ta ni "wọ́n"?

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí lè yára sọ pé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni "wọ́n". Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òótọ́ ni. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti ilẹ̀ Yorùbá òkè wá ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko wọ̀nyí. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di ọmọ ìjọ. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé, wọ́n mú irúgbìn kòkó lọ, wọ́n sì mú ìgbàgbọ́ lọ pẹ̀lú. Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1975 lórí kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá, ka àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn tí ó ti rìnrìn àjò mọ́ àwọn tí ó tan igi náà ká.

Nígbà náà, bí a bá gbọ́ pé "wọ́n" kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan, ó yẹ kí a tú ìbéèrè náà sí wẹ́wẹ́. Ta ni ó ni ilẹ̀? Ta ni ó mú owó wá? Ta ni ó gé igi àjà? Ta ni ó po amọ̀, ta ni ó sì pọn omi tí a fi pò ó? Ní ayé ilé alámọ̀, ìpele ìpele ni a ń mọ ògiri. Bí ìpele kan kò bá tíì gbẹ, a kì í gbé òmíràn lé e. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, omi rẹ̀ kò sì níye. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó sábà máa ń pọn ọ́n. Bí ìkórè bá dé, ẹrù oko ni a ń kó wá sí iwájú pẹpẹ, tí a ń tà á láti fi ra páànù àti ìṣó. Orúkọ ẹni tí ó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni a máa ń gbẹ́ sára ògiri. Orúkọ ẹni tí ó pọn omi kò sí níbẹ̀. Ẹnu àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn nìkan ni ó kù sí.

4. Ọdún mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀

Ohun kejì tí ó máa ń da ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì rú ni ọ̀rọ̀ ọdún. Ó kéré tán, ọdún mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: ọdún tí ìjọ bẹ̀rẹ̀, ọdún tí a fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, àti ọdún tí a ya ilé náà sí mímọ́. Ìjọ lè wà fún ọdún mẹ́wàá lábẹ́ igi tàbí nínú ilé ẹnì kan kí ó tó ní ilé tirẹ̀. Ẹni tí ó bá rí 1901 lára pátákó African Church kan gbọ́dọ̀ rántí pé ọdún ìyapa ní Èkó nìyẹn. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ọdún tí a kọ́ ilé tí ó ń wò.

Àwọn àgbà wa kì í fi nọ́ńbà ka ọdún, ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé wọn kò mọ ọjọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọdún. Ká ní àgbà kan sọ pé bàbá òun wà lára àwọn tí ó ru igi àjà lẹ́yìn tí ogun Káísà parí, nígbà tí kòkó ṣì ń pa owó. A mọ̀ pé ogun náà parí ní oṣù kọkànlá ọdún 1918. A tún mọ̀ pé owó kòkó wó lulẹ̀ ní ìparí ọdún 1920, lẹ́yìn èyí tí obì wá gba ipò kòkó ní Àgége. Nítorí náà, láàrin ọdún méjì péré ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Ẹ̀rí yìí lágbára ju nọ́ńbà tí a kọ sára ògiri nígbà àyájọ́ àádọ́ta ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ibi tí ó ti rí i.

5. Kíka ìwé àtijọ́

Ẹ̀rí kẹta ni ìwé: ìwé ìpàdé, ìwé ìṣírò owó, ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àti ìgbéyàwó, àti lẹ́tà. Àwọn ìwé Coker wà nípamọ́ ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn òpìtàn sì ti lò wọ́n dáradára. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn ìjọ kéékèèké, inú àpótí àwọn akọ̀wé ìjọ ni ó wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì fi Yorùbá kọ.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti kan wa gan-an. Láti ìgbà ìpàdé Èkó ti ọdún 1875 ni a ti ní ìlànà fún kíkọ èdè wa sílẹ̀, tí a tún ṣe ní ọdún 1966, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní ọdún 1974. Síbẹ̀, akọ̀wé tí ó ń kánjú kì í fi àmì sí i, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ fi ẹlẹ́sẹ̀ sí i. Ká ní a bá gbólóhùn yìí pàdé nínú ìwé ìpàdé kan: "Nwon fun wa ni ile." Ṣé ilé ni wọ́n fún ìjọ ni, àbí ilẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ilé, ìjọ lè jẹ́ ayálégbé lásán. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀, ó di ohun ìní. "Nwon" náà ńkọ́? Ṣé baálé kan ni, àbí ẹbí kan lápapọ̀? Bákan náà ni "a ko owo" àti "a ko ile" yàtọ̀: a kó owó jọ, a kọ́ ilé. Ẹni tí kò mọ ohùn yóò ṣi ìtàn kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Láti ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ilẹ̀ oko ti di ilẹ̀ ilé-iṣẹ́, ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ sì ti di ilẹ̀ olówó iyebíye. Nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí "fún", "yá" tàbí "tà" ni gbogbo rẹ̀ máa ń dá lé. Ìjọ tí kò mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn bàbá wọn sọ, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀rí nù.

6. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ àti olùdánwò ṣe

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn tàbí ti olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì nìyí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ìtàn lè mọ ọdún ogun, ṣùgbọ́n àwa ni a ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, àwa ni a ń kọ́ ọ ní arọ́pò-orúkọ, àwa náà ni a ń rán an lọ gba ìtàn àti oríkì lẹ́nu àgbà.

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí a máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìwádìí lórí ilé ìjọsìn kan ní àdúgbò wọn, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Èkejì, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀ bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè níbi gbogbo tí "wọ́n" bá ti wáyé pé, "Àwọn wo?" Ẹ̀kẹta, kí olùdánwò má fi gbogbo máàkì sórí ẹwà èdè nìkan. Kí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì bí ó bá ya ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, tí ó sọ ẹni tí ó fún un ní ẹ̀rí, tí ó sì fi ẹ̀rí ẹnu wé ẹ̀rí ìwé.

7. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn bí a ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ní Àgége kì í ṣe ìtàn ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta nìkan. Ìtàn olóko ni, ìtàn òṣìṣẹ́ ni, ìtàn onílẹ̀ ni, ìtàn ẹni tí ó pọn omi ni pẹ̀lú. Àwọn ilé alámọ̀ ìgbà náà ti ń wó, a sì ti ń fi bulọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn sí ipò wọn. Ikán ń jẹ ìwé inú àpótí. Kí àwọn tí ó lè dáhùn ìbéèrè náà tó tán nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rán àwọn ọmọ wa lọ bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ta ni ẹ̀ ń pè ní 'wọ́n'?"