Epo Ní Orúkọ, Iṣẹ́ Epo Kò Ní

Bí a bá ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún epo bẹntiróòlù àti gáàsì jọ, wọn ò kéré rárá. Ilé epo, ọ̀wọ́n epo, ọkọ̀ agbépo, ọ̀pá epo, epo rọ̀bì, owó ìrànwọ́ orí epo, fàyàwọ́: kò sí èyí tí aláta ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ọlọ́kadà ní Sábó Ọ̀yọ́ kò mọ̀ nínú wọn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ, àwọn ọmọ tí kò tíì kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá ń sọ ọ̀rọ̀ náà láìṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ tún wọn wò. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ra epo ni wọ́n, àti ti ẹni tó ti ń tò sórí ìlà láti àárọ̀, àti ti ẹni tí táńkà ṣubú síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tó ń fi epo ṣiṣẹ́ jẹun kò sí nínú wọn, àfi awakọ̀ táńkà àti ọmọ tó ń di họ́ọ̀sì mú nílé epo. Nítorí náà, bí ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì LAUTECH, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ epo lòun ń wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá ní láti bi í: ṣé ó mọ ẹnì kan níbẹ̀? Kì í ṣe pé bàbá náà gọ̀. Èdè tó fi ń ro ọ̀rọ̀ náà ni kò fún un ní ìbéèrè mìíràn, torí pé 'iṣẹ́ epo' lẹ́nu wa dà bí ilé onílẹ̀kùn kan, tí ẹnì kan sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání.

Èrò tèmi ni pé orúkọ iṣẹ́ ni ó yẹ kí àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó wá orúkọ irinṣẹ́, nítorí àìní rẹ̀ ló ń pa ẹni tó ń wáṣẹ́ lára jù. Ẹ̀rí mi wà lára epo tí a ti mọ̀ kí òyìnbó tó dé. Epo pupa ní akọ̀pẹ tó ń gun ọ̀pẹ, ó ní àwọn obìnrin tó ń fọ epo, ó ní alájàpá tó ń rà á lóko, ó ní elépo tó ń tà á lọ́jà. Àdín wà fún èyí tó ti inú èkùrọ́ jáde, ìhá sì wà fún ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí epo ti kúrò lára ẹyìn, tí àwọn ìyá wa tún ń fi dáná. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ. Ọwọ́ wa ló wà nídìí iṣẹ́ náà láti orí ọ̀pẹ dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹnu sì tẹ̀ lé ọwọ́. Epo rọ̀bì kò gba ọ̀nà yẹn wọlé. Oloibiri ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sókè òkun lọ́dún 1958, nígbà tó sì fi máa dé ọ̀dọ̀ tiwa, ó ti di nǹkan tí wọ́n ń fi họ́ọ̀sì bù sínú ọkọ̀. Àwọn Haúsá tí wọ́n fún Sábó lórúkọ ṣe bíi tiwa: 'mai' tí wọ́n fi ń pe òróró ni wọ́n fà gùn títí wọ́n fi ń pe bẹntiróòlù ní 'man fetur'. Ohun tí èèyàn ń rà ló kọ́kọ́ ń ní orúkọ.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dí àlàfo yìí ni kí a gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì síwájú, kí a máa túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Òun náà ló burú jù. Àwọn òyìnbó epo fi odò pín iṣẹ́ wọn: wíwá epo lábẹ́ ilẹ̀ ni ti òkè odò, gbígbé e kiri ni ti àárín, fífọ̀ ọ́ àti títà á ni ti ìsàlẹ̀. Bí a bá sọ fún ará Ọ̀yọ́ pé ọmọ rẹ̀ ríṣẹ́ ní òkè odò, yóò béèrè bóyá odò Ògùn ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá fi ń dá iṣẹ́ mọ̀, a sì ti ní mẹ́rin tó tó: a wa epo, a fọ epo, a gbé epo, a ta epo. Iṣẹ́ ìwapo, iṣẹ́ ìfọpo, iṣẹ́ ìgbépo, iṣẹ́ ìtapo. 'Ìfọpo' ti wà lẹ́nu àwọn akọ̀ròyìn tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n fi ń pe iléeṣẹ́ Dangote ní Lekki, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Ẹnì kan lè ní fífọ epo rọ̀bì kò jọ fífọ epo pupa, torí ńṣe ni wọ́n ń se epo rọ̀bì títí yóò fi di oru nínú òpó gíga, tí ohun kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ á sì padà di olómi níbi tí ooru bá ti bá a mu: gáàsì lókè pátápátá, bẹntiróòlù lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kẹrosíìnì, dísù, títí dé ọ̀dà nísàlẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fọ epo pupa náà ń fi iná àti omi ya epo kúrò lára ohun tí kì í ṣe epo, n kò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan gbọ́ 'ìfọpo' kó wá rò pé ọṣẹ ni wọ́n ń lò. Ọ̀rọ̀ tó bá ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kí onímọ̀ èdè má dá a padà.

Mẹ́rin yẹn nìkan ti tó láti yí ìbéèrè bàbá padà. Dípò 'ta lo mọ̀', ó di 'èwo nínú wọn'. Onímọ̀ àpáta ilẹ̀ ń lọ sídìí ìwapo, ẹni tó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kẹ́míkà ń lọ sídìí ìfọpo, jórinjórin sì wúlò nídìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí kò sí ibi tí epo ń gbà kọjá tí kì í ṣe inú irin tí ẹnì kan jó pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè pa èèyàn ni gáàsì. Láàárín gàréèjì àti ọjà ní Sábó, ọ̀rọ̀ kan yìí ń sin ọ̀gá mẹ́rin. Ìyá olóńjẹ ń ra gáàsì tó fi ń dáná. Jórinjórin ń da omi sórí kábáàdì kí gáàsì lè jáde. Ẹni tó ń tún fíríjì ṣe ń fún un ní gáàsì. Ní báyìí, mẹkáníìkì ń yí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ padà kó lè máa lo gáàsì, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti ń polongo láti 2023. Kò sí méjì tó jọra nínú wọn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ; bó bá jò, ilẹ̀ ló ń rá mọ́, á sì máa dúró de iná lábẹ́ tábìlì. Gáàsì ọkọ̀ fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń gbà. Agbára tí wọ́n fi fún gáàsì ọkọ̀ mọ́nú sìlíńdà tó nǹkan bí ìlọ́po igba agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, nígbà tí ti gáàsì ìdáná kì í tó ìlọ́po ogún. Ẹni tí èdè rẹ̀ bá pe méjèèjì ní gáàsì lásán kò ní rí ìdí tí sìlíńdà kan kò fi lè dúró fún èkejì. Ní oṣù Kẹwàá 2024, sìlíńdà bú gbàmù lára ọkọ̀ kan tó wá ra gáàsì nílùú Benin, àwọn tó ń bójú tó ètò gáàsì ọkọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sì kéde pé sìlíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí kì í ṣe ti gáàsì ọkọ̀, ló wà níbẹ̀. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ ló fa ìbúgbàmù yẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé gáàsì ìdáná, gáàsì ọkọ̀, gáàsì ìjórin àti gáàsì fíríjì kò ná wa ní kọ́bọ̀, wọn ò gùn, wọn ò sì nílò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́ láti máa pè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ tí iléeṣẹ́ gáàsì máa kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Nínú ọgbà ìfọpo, iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: jíjó irin, gígé irin, lílọ̀ ọ́, ohunkóhun tó lè mú kí iná ta. Òyìnbó ń pe gbogbo rẹ̀ ní iṣẹ́ gbígbóná. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin tutù yóò ní kò kan òun. 'Iṣẹ́ adánásílẹ̀' sọ ewu náà gan-an. Irú ìṣọ́ra yìí pọn dandan ju bó ṣe rí lójú lọ, nítorí orúkọ tó dùn létí lè jẹ́ irọ́. Gáàsì olóró kan máa ń bá epo rọ̀bì jáde, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn àpèjúwe yóò tètè sọ ọ́ ní 'gáàsì ẹyin bíbàjẹ́', gbogbo èèyàn á sì rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gáàsì náà bá pọ̀, ńṣe ló ń pa agbára imú, òórùn náà á sì dàwátì. Òṣìṣẹ́ tí orúkọ ti kọ́ láti máa retí òórùn yóò rò pé ewu ti kọjá, nígbà tó jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ni ewu dé. 'Gáàsì apamú' ni èmi yóò pè é, torí ohun tó ń ṣe fún èèyàn ló yẹ kó wà lórúkọ rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ epo ń sọ: Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìwáṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ẹ̀rí Petroleum Training Institute tó wà ní Effurun láti 1973. Kí wá ni ti Yorùbá níbẹ̀? N kò jiyàn pé ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó dé, ìpinnu kan ti wáyé nílé, ní Yorùbá, láàárín òbí, ọ̀gá iṣẹ́ àti ọmọ: ẹ̀kọ́ wo ni kí owó lọ sí? Òfin ọdún 2010 tó wà fún fífún ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́ nídìí epo sọ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ni iléeṣẹ́ epo gbọ́dọ̀ gbà sípò kékeré àti ipò àárín, ó sì fi àjèjì mọ sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nípò ọ̀gá. Ipò kékeré àti ipò àárín yẹn ni jórinjórin, ẹni tó ń to páìpù, ẹni tó ń wa kéréènì, ẹni tó ń to àtẹ̀gùn irin, ẹni tó ń ka mítà. Òbí tó ní ọmọ tó mọ irin jó ní Sábó kò mọ̀ pé ọmọ òun ti wà ní ẹnu ọ̀nà, pé ohun tó kù ni ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí tó máa fi hàn pé ojú irin tó jó pọ̀ kò ní jò. Ó ń wá 'slọ́ọ̀tù' kiri, ìyẹn àyè iṣẹ́ tí èèyàn ńlá kan mú dání. Ọ̀rọ̀ ìgbaniṣíṣẹ́ tó ti wọ Yorùbá ojúmọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí àwọn gbájúẹ̀ sì fi ń jẹun ni. Léraléra ni NNPC ti ń kìlọ̀ nípa ìkéde ìgbaniṣíṣẹ́ ayédèrú. Ẹni tó lè sọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ní pàtó á bi gbájúẹ̀ náà pé: kí ni mo máa fọwọ́ mi ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè yẹn kì í rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Àwọn mìíràn gbà pé ọ̀rọ̀ pọn dandan, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a yá ti Gẹ̀ẹ́sì kó parí. Mo gbà fún wọn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Páìpù, mítà, kéréènì, ríìgì: kí wọ́n dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbólóhùn gígùn rọ́pò 'páìpù' fẹ́ fi àkókò ṣòfò. Asọ̀rọ̀mágbèsì dùn gan-an, síbẹ̀ rédíò ló borí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èdè-ìperí, Bamgboṣe lọ́dún 1984, Awóbùlúyì lọ́dún 1990. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ó sì wúlò torí olùkọ́ wà tó ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ni lójoojúmọ́. Iṣẹ́ epo kò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn jórinjórin àti mẹkáníìkì ló ní, níbi tí ọ̀gá ti ń bá ọmọ iṣẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣeé fi báni wí níbẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a yá orúkọ irinṣẹ́, kí a sì fi Yorùbá sọ iṣẹ́: irinṣẹ́ ń yí padà lọ́dọọdún, ohun tí ọwọ́ ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yí.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé kò sí epo lábẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, òótọ́ ni, àpáta líle ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbègbè Òkìtìpupa ni iléeṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti gbẹ́lẹ̀ wá epo lọ́dún 1908, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Oloibiri. Ọ̀dà ń sun jáde ní Agbábù títí dòní. Epo ń jáde nínú omi àwọn Ìlàjẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo ní Aje, lójú òkun Èkó, lọ́dún 2016. Ọ̀pá epo tó ti Èkó wá sí Mosimi, Ìbàdàn àti Ìlọrin, àti àwọn táńkà tó ń gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá tọ̀sán-tòru, kò béèrè irú àpáta tó wà nílẹ̀.

Orúkọ kan wà tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn: ti ẹni tó ń rí i pé jàǹbá kò ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jù báyìí. 'Ẹ̀ṣọ́ ààbò' kò ṣeé lò. Mẹ́gáàdì ni gbogbo ayé á rò, nítorí ààbò kan náà ni a ní fún olè àti fún iná. 'Adènà-jàǹbá' sún mọ́ ọn, àmọ́ ó dà bí orúkọ oògùn. Agbára tí òṣìṣẹ́ yìí ní gan-an ni pé ó lè ní kí gbogbo iṣẹ́ dúró, kí ọ̀gá pàápàá sì gbọ́. Nítorí náà 'adáṣẹ́dúró' ni mo fara mọ́ fún ìgbà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní ojúmọ́ lè gbọ́ ọ bí orúkọ ọ̀tá. Bí àwọn jórinjórin Sábó bá rí èyí tó dára jù ú lọ, tiwọn ni kí a mú.