Savo Milošević: Atamátàsé Tí Wọ́n Sọ Lórúkọ Atatàsé

Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù fún un ni mo gbé wá.

Bijeljina, ní Bosnia, ni wọ́n ti bí Savo Milošević lọ́dún 1973. Partizan ní Belgrade ló ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣùgbọ́n ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yugoslavia. Wọ́n lé wọn kúrò ní ìdíje Yúróòpù ọdún 1992, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1994. Ọmọ ń ju góòlù sáwọ̀n, orílẹ̀-èdè rẹ̀ ò sì ríbi gbé e lọ.

Lọ́dún 1995, Aston Villa san mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Nígbà tó ń tàsé, àwọn ará Ìlú Ọba yí orúkọ rẹ̀ dà sí Miss-a-lot-evic. Bẹ́ẹ̀, òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé láti ọ̀nà jíjìn nígbà tí Villa na Leeds ní 3-0 ní Wembley, tí wọ́n gba League Cup ọdún 1996. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ náà ò kúrò lára rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1998, tí Blackburn ń fi 5-0 lù wọ́n, ó tutọ́ sí ọ̀nà ibi tí àwọn olólùfẹ́ Villa wà. Mi ò gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Zaragoza ní Spéìn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni Euro 2000. Ní Charleroi, Slovenia, tó ti jẹ́ ara Yugoslavia tẹ́lẹ̀, ń fi 3-0 na Yugoslavia. Wọ́n tún lé Siniša Mihajlović jáde. Láàárín ìṣẹ́jú méje péré, ó di 3-3. Milošević gbá méjì nínú rẹ̀. Góòlù márùn-ún ló ní ní ìdíje náà, òun àti Patrick Kluivert ni wọ́n jọ gbawájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Netherlands tí Kluivert ń gbá fún ló fi 6-1 lé wọn lọ sílé.

Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, Serbia àti Montenegro ló jẹ́ balógun fún, orílẹ̀-èdè tó ti túká kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2008, góòlù rẹ̀ ló fún Rubin Kazan ní ife líìgì Rọ́ṣíà àkọ́kọ́ wọn.

Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ló dágbére fún Serbia, níwájú Bulgaria. Wọ́n borí ní 6-1. Ó gbá góòlù méjì, ó sì pàdánù pẹ́nárítì méjì! Ìgbà 102 ló gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, góòlù 37 ló sì jẹ.

Èrò mi rèé: ẹni tó ń wòran kì í tàsé. Ẹni tó bá ń ta nìkan ló lè tàsé. Torí náà, kẹ́ ẹ tó fi orúkọ ẹ̀fẹ̀ kan ẹnì kan lórí fóònù yín lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ ka iye tó wọlé. Ó dìgbà kan ná.