Nígbà Tó Bá Rẹ Ọpọlọ Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Aro

Ìtàn tí mo mú wá kan àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n dá yàrá gbà ní Mile One níhìn-ín.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú irú tuntun ní ilé ìwòsàn Aro. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó wà nítòsí. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn gbé ibẹ̀, kó máa dáná fún un, kó sì máa tẹ̀ lé e lọ gba ìtọ́jú.

Ní Aro yìí kan náà ni Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà, ti ṣiṣẹ́. Ní 1960, ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ojú ń ṣú, tí wọ́n ń kàwé tí kò wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pè é ní “brain fag”, ìyẹn ni pé ó ti rẹ ọpọlọ. Prince rí i pé ẹrù ẹbí wà lórí wọn: gbogbo ilé ló ń wojú ẹni kan tó lọ sílé ìwé.

Ẹrù yìí kò tíì kúrò lórí ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù, ó ń rí ikú kó tó dàgbà tó, ìdánwò sì ń dúró dè é. Mo mọ irú wọn láàárín wa: wọ́n á sọ fún ìyá wọn lórí fóònù pé dáadáa ni àwọn wà, bẹ́ẹ̀ wọn kò sùn láti àná. Bí wọ́n bá sunkún, a ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n, tàbí pé ayé ń bá wọn jà.

Ènìyàn laṣọ ẹni. Ìtàn Aro fi hàn pé ènìyàn lè jẹ́ apá kan oògùn ẹni pẹ̀lú. Nítorí náà, mo dábàá pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa gba akẹ́kọ̀ọ́ kan mọ́ra: kí ó máa wá jẹun, kí a máa béèrè oorun rẹ̀ kí a tó béèrè èsì ìdánwò. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ilé lọ, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Rumuigbo. Kí a bá a lọ, kí a má ṣe jẹ́ kó dá lọ.