Ìfojúbù Kì í Ṣe Àsọtẹ́lẹ̀: Ojú Ọjọ́ Ìgbà Ìrúwé Láàárín Òkun Pàsífíìkì àti Òkè Cascade

Lóṣooṣù ni Climate Prediction Center, ẹ̀ka kan nínú àjọ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, máa ń gbé àwòrán ilẹ̀ jáde láti fi sọ bí oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ ṣe lè rí. Ká ní àwòrán ti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni, tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kun ìpínlẹ̀ Washington àti Oregon, níbi tí òkun Pàsífíìkì àti àwọn òkè Cascade ti kọjú síra, tí wọ́n wá kọ 40 sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wò ó ni yóò ní òjò máa pọ̀ lọ́dún yìí. Àwòrán náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ yìí kó ìgbà ìrúwé ọgbọ̀n ọdún jọ, láti 1991 sí 2020, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: mẹ́wàá tí òjò wọn pọ̀ jù, mẹ́wàá tó wà láàárín, mẹ́wàá tó gbẹ jù. Bí wọn kò bá ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́, nǹkan bí 33 nínú 100 ló máa kan ìpín kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá kọ 40 fún ìpín olójò, ẹ̀rí díẹ̀ ló mú kí òṣùwọ̀n fì sápá ibẹ̀: 40 fún òjò púpọ̀, 33 fún àárín, 27 fún ọ̀gbẹlẹ̀. Ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà níta. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìmọ̀ yìí wọ èdè Yorùbá, kí ó tó wá orúkọ fún òjò dídì tàbí fún òkè, kó kọ́kọ́ wá orúkọ fún ọgọ́ta yẹn. Orúkọ tó bá fi àìdánilójú pamọ́, irọ́ ló ń pa, bó ti wù kó dùn létí tó.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Rédíò ń lò ó, ìwé ìròyìn ń lò ó, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni kó o dànù. Tí onímọ̀ ojú ọjọ́ bá rí ìjì lórí òkun lónìí, tó ní yóò dé Seattle lọ́la, ohun tó ti wà lójú sánmà ló ń sọ. Àsọtẹ́lẹ̀ bá a mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ní ilé tó ti wá. Lẹ́nu wòlíì àti nínú Ìwé Mímọ́ ni etí Yorùbá ti mọ̀ ọ́n, ó sì mọ òfin tó dè é: tó bá ṣẹ, olóòótọ́ ni ẹni tó sọ ọ́, tí kò bá ṣẹ, èké ni. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Tí wọ́n bá kọ 40 fún òjò, tí ọ̀dá wá dá, wọn kò purọ́. Ohun tí wọ́n fún ní 27 ló ṣẹlẹ̀, àwọn fúnra wọn sì ti sọ pé ó lè ṣẹlẹ̀. A kò lè fi ọdún kan ṣoṣo dá irú wọn lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń wò ó, bóyá nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n kọ 40, òjò pọ̀ ní nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ìfojúbù. Kí èèyàn fojú bu nǹkan ni pé kó wo ohun tí kò tíì wọ̀n, kó sọ iye tó rò pé yóò jẹ́, kí òun àti ẹni tó ń gbọ́ ọ sì jọ mọ̀ pé ìwọ̀n lè yí i padà. Àdéhùn yẹn ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé. Ìfojúbù ìgbà ìrúwé: ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní máa retí wòlíì.

Wọ́n lè ní àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè lásán nìyí. Àgbègbè yìí kan náà ló dáhùn. Lọ́dún 1942 ni wọ́n kọ́ ìlú Vanport sórí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ létí odò Columbia, ní àríwá Portland, fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nígbà ogun. Ògiri iyẹ̀pẹ̀ ló yí i ká kí odò má bàa wọlé. Nígbà tó fi di 1948, nǹkan bí 18,500 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Tí a bá pín wọn sí mẹ́ta, ìdá kan jẹ́ aláwọ̀ dúdú, torí pé àdúgbò tí wọ́n ti lè rílé gbà ní Portland kò tó nǹkan. Òjò dídì pọ̀ lórí òkè lọ́dún náà, ooru wá mú nínú oṣù Karùn-ún, òjò sì tún rọ̀ lé e, ni Columbia bá kún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Karùn-ún, àjọ tó ń bójú tó ilé náà ti ìwé bọ abẹ́ ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé: ògiri ṣì dúró dáadáa, bí ewu bá ń bọ̀ a ó sọ fún yín, àyè yóò sì wà láti kúrò. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, òkìtì ojú irin rélùwéè tó jẹ́ ògiri wọn ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ya. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kú, Vanport sì pa rẹ́. Kì í ṣe pé àwọn aláṣẹ kò mọ̀ pé odò ń kún; wọ́n ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ohun tó ṣaláìní ni gbólóhùn tó lè sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé ó ṣeé ṣe kí ògiri yìí má dúró, kó sì mọ bí ó ti ṣeé ṣe tó, kó fi lè pinnu fúnra rẹ̀.

Yorùbá kò tálákà nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Èdè tó ní yóò, tó ní lè, tó ní ó ṣeé ṣe kí, tó ní ó ṣòro kí, kò ní láti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù ni pé kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, kí akọ̀ròyìn má sì fi wọ́n rọ́pò ara wọn nítorí adùn. Ibi tí kò sí ẹ̀rí tó fì síbì kan, kí a pè é ní ọgbọọgba. Tí ìṣeéṣe bá ju 33 lọ, àmọ́ tí kò tó 50, kí a ní ó fì sápá òjò tàbí ó fì sápá ọ̀gbẹlẹ̀. Tó bá ju 50 lọ, kí a ní ó ṣeé ṣe jù kí òjò pọ̀. Àwòrán àwọn ará Amẹ́ríkà náà pín in bẹ́ẹ̀. Yóò, ní tirẹ̀, kó dúró de ìjì ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó léwu ju bí a ti rò lọ, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ wé. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé òjò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ta ló ní ó yẹ? Ìwọ̀n náà kò ju ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ń yí. Títí di ọdún 2021, láti 1981 sí 2010 ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí 1991 sí 2020, níbi tí ọ̀pọ̀ ọdún olóoru ti wọlé. Ọjọ́ kan tí a ti ń pè ní olóoru tẹ́lẹ̀ lè di ọjọ́ àárín láìjẹ́ pé ooru rẹ̀ dín. Bó ṣe yẹ ń ṣèdájọ́, kì í sì í yí. Ìwọ̀n ọgbọ̀n ọdún ni kí a máa pè é. Orúkọ náà sọ ibi tí wọ́n ti mú un wá.

Ká wá lọ sórí òkè. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa lónìí, yìnyín ni gbogbo ohun tó bá dì, àtèyí tó ń bọ́ lu páànù nínú òjò, àtèyí tó wà nínú fíríìjì, àtèyí tó bo òkè funfun. Bíbélì Yorùbá ti la ọ̀nà tó sàn: ó ya òjò dídì sọ́tọ̀ kúrò lára yìnyín, mo sì dúró lórí èyí. Síbẹ̀, òjò dídì ń bá ohun tó ṣì ń bọ́ láti òkè wí. Ohun tó ti tò léra láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin kì í ṣe òjò mọ́, òun sì ni ìfojúbù omi odò ìgbà ìrúwé dá lé. Àká òjò dídì ni mo pè é. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kó ọkà pamọ́ sí àká de ìgbà tí oko kò ní so nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni òkè Cascade ń gba omi ìgbà òtútù pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀ ní oṣù Keje àti Kẹjọ. Àwọn tó ń dá oko ápù ní àfonífojì Yakima, ní Washington, mọ èyí tipẹ́: adágún márùn-ún ni wọ́n sé fún omi oko, wọ́n sì máa ń pe òjò dídì orí òkè ní adágún kẹfà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ló tilẹ̀ ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá alúmíníọ̀mù oníhò kan, tí ẹnu rẹ̀ ní eyín bí ayùn, ni wọ́n ń rì bọ inú òjò dídì títí yóò fi kan ilẹ̀. Tí wọ́n bá fà á jáde, wọ́n á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá iyẹ̀pẹ̀ wà níbẹ̀, torí iyẹ̀pẹ̀ ni ẹ̀rí pé ó dé ilẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀bẹ họ iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò, wọ́n á sì gbé ọ̀pá náà kọ́ sórí òṣùwọ̀n. Ìjìn òjò dídì nìkan kò tó, nítorí òjò dídì tuntun fúyẹ́, èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ sì wúwo. Ohun tí wọ́n ń wá ni iye omi tí yóò jáde bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́. Omi inú àká ni mo fi pe ìyẹn, ẹni tó bá sì ti gba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò ní béèrè ìtumọ̀ èkejì.

Ọdún 2015 fi hàn pé orúkọ yìí ń ṣiṣẹ́. Ní ìgbà òtútù tó ṣáájú, omi tó bọ́ láti sánmà ní Washington kò jìnnà sí ìwọ̀n ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ooru mú, òjò lásán ló rọ̀ lórí òkè, ó sì ṣàn lọ sókun. Nínú oṣù Karùn-ún, gómìnà Jay Inslee kéde ọ̀dá fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Àwọn àgbẹ̀ Yakima tó gba ẹ̀tọ́ sí omi lẹ́yìn àwọn yòókù kò rí ìdajì ohun tó tọ́ sí wọn gbà. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ọ̀dá nìkan yóò béèrè pé báwo ni òjò ṣe rọ̀ tí ọ̀dá tún dá. Sọ fún un pé òjò rọ̀ ṣùgbọ́n àká ṣófo, ó parí.

Wọ́n lè takò mí pé àká ní ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ti òkè kò ní. Òótọ́ ni, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀: oòrùn ló ń ṣí i, nígbà tó bá wù ú. Àmọ́ ìgbà tí yóò ṣí ni ìfojúbù ń wá kiri, nítorí náà àléébù orúkọ náà bọ́ síbi tí ìbéèrè wà gan-an. Àwọn mìíràn yóò ní kí a kàn yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò kórìíra àyálò. El Niño àti La Niña, ìyẹn ìgbóná àti ìtutù omi òkun Pàsífíìkì, kò ní láti yí padà; orúkọ tí àwọn apẹja Peru fún èkíní láti inú ìtàn ìbí Jésù ti di ti gbogbo ayé. Àyálò dára fún ohun tó jẹ́ orúkọ lásán. Kò dára fún ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ rò kó tó yé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni títúmọ̀ ní ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ kò dára. Igbó Hoh ní Washington, ní ìwọ̀-oòrùn àwọn òkè Olympic, ń gba òjò tó ju 3,000 mìlímítà lọ lọ́dún. Sequim, ìlú tí kò tó 100 kìlómítà sí i, ń gba nǹkan bí 400. Gẹ̀ẹ́sì ń pe Sequim ní ibi òjìji òjò, bí ẹni pé òjò ń ṣíji bò ó. Ẹ̀yìn òkè ni Yorùbá yóò pè é, nítorí òkè ti gba omi náà tán kí afẹ́fẹ́ tó kọjá.

Ta ló nílò gbogbo èyí, nígbà tí Yorùbá tó wà ní Seattle gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tó ń kọ́ nípa ojú ọjọ́ nílò rẹ̀, àgbẹ̀ tó ń gbọ́ ìfojúbù òjò ọdọọdún tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń gbé jáde sì nílò rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìṣeéṣe ni òun náà ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní àsọtẹ́lẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìmọ̀ èdè nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984. Kò sí ìdí tí sánmà fi gbọ́dọ̀ wà láìlórúkọ. Báyìí ni ìfojúbù kan ṣe lè dún: “Ní ìgbà ìrúwé yìí, òjò fì sápá púpọ̀ ní etíkun, 40 nínú 100, ooru jẹ́ ọgbọọgba, àká òjò dídì kún dé 85 nínú 100 ìwọ̀n ọgbọ̀n ọdún.” Kò gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀kan ṣì kù tí mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún: ibi gíga lórí òkè tí òjò ti ń di òjò dídì, tó ń gòkè tó ń sọ̀ lójoojúmọ́. Ààlà dídì ni mo ń lò fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ààlà lédè wa kì í rìn, èyí sì ń rìn.