Ìwọ̀n Ìṣàn Dátà Nínú Amóhùnmáwòrán Díjítà Ilẹ̀ Bìrìtéènì

Modulator ni ẹ̀rọ tó ń gba dátà àwòrán àti ohùn, tó sì ń gbé e lé orí ìgbì rédíò kó tó dé áńtẹ́nà. Iye dátà tó lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í yí padà. Bí wọ́n bá ti yan bí ìkànnì ṣe fẹ̀ tó, iye bíìtì tí àmì kọ̀ọ̀kan yóò gbé àti iye bíìtì ààbò tí yóò máa tún àṣìṣe ṣe, ó parí. Dátà tó bá pọ̀ jù yóò dànù. Bí kò bá sì tó, àfi kí wọ́n fi nǹkan dí àlàfo náà.

Àwòrán díjítà tí a kò tíì fún pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà CCIR 601 ti ọdún 1982 ṣe là á sílẹ̀, ń jẹ mẹ́gábíìtì 216 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ìkànnì amóhùnmáwòrán kan tó lè gbé e. Ìlànà MPEG-2 ló fún un pọ̀ títí ó fi wálẹ̀ sí bíi mẹ́gábíìtì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Òun náà ló gé dátà sí pákẹ́ẹ̀tì báìtì 188, kí ọ̀pọ̀ ètò lè jọ wà nínú ìṣàn kan ṣoṣo. Pákẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ 8191, òfo ni. Dikódà ilé yóò sọ ọ́ nù. Òfo yìí ni wọ́n fi ń dí àlàfo, bí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ gbéra ní àsìkò rẹ̀, èrò ìbáà kún un tàbí kó má kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi òfo kún ìṣàn ti sún àwọn pákẹ́ẹ̀tì tó gbé aago ètò kúrò ní àyè wọn, ó sì gbọ́dọ̀ tún aago náà kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán yóò máa dúró, yóò máa fò.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ONdigital bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bìrìtéènì lórí ìlànà ìgbéjáde DVB-T. Wọ́n yan 64QAM, tó ń gbé bíìtì 6 nínú àmì kan; ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni dátà gan-an. Ìkànnì kan ń gbé mẹ́gábíìtì 24 ó lé díẹ̀. Ojúkòkòrò wà nínú yíyàn yẹn. Agbára ìgbéjáde kéré, torí amóhùnmáwòrán àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kó dà á láàmú. Fíríìjì tó tan tàbí alùpùpù tó ń kọjá lè fọ́ àwòrán sí wẹ́wẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà, tó ti yí orúkọ padà sí ITV Digital, kógbá sílé ní 2002, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè ẹ̀tọ́ àtifi bọ́ọ̀lù hàn ló pa á ju àwòrán tó ń fọ́ lọ.

Freeview rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Mẹ́rin nínú àwọn ìṣàn mẹ́fà tó ń gbé ètò ni wọ́n sọ di 16QAM. Bíìtì 4 péré ni àmì rẹ̀ ń gbé, ṣùgbọ́n ariwo kò tètè dà á rú. Ìkànnì kan wá bọ́ sí mẹ́gábíìtì 18. Láti dín àdánù náà kù, wọ́n gbára lé pínpín ìṣàn láàárín ètò: eré bọ́ọ̀lù a gba púpọ̀, oníròyìn tó jókòó sójú kan a yọ̀ǹda tirẹ̀, àpapọ̀ kò sì ní kọjá ohun tí modulator lè gbé. Ìgbà tí wọ́n pa amóhùnmáwòrán àtijọ́, láàárín 2007 sí 2012, ni agbára pọ̀ sí i tí 64QAM fi padà sórí àwọn ìṣàn tó ṣì ń lo DVB-T.

Kí ìyẹn tó parí, DVB-T2, ìlànà tó tẹ̀lé DVB-T, ti dé. Freeview HD bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 2009 láti Crystal Palace àti Winter Hill, pẹ̀lú 256QAM àti mẹ́gábíìtì 40 nínú ìkànnì kan náà. Ìlànà yìí tún fàyè gba kí wọ́n yọ pákẹ́ẹ̀tì òfo kúrò kí ìṣàn tó gbéra, kí dikódà sì dá wọn padà sí àyè wọn, kí òfo má baà jẹ ìgbì. DVB-T2 yìí náà ni Nàìjíríà lò nígbà tí ètò ìjọba láti kúrò lórí amóhùnmáwòrán àtijọ́ bọ́ sí ti díjítà bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2016.