Káàdì Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Abiyamọ

Bí a bá dárúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ogun Kírìjì ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886. Ìjà mìíràn tí a jà nínú ìlú yìí kan náà, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn èyí, ni a fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1956 ni Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Èèyí, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí oúnjẹ aṣaralóore jẹ ni ó ń pa àwọn ọmọdé. Abiyamọ tí kò ní lọ́wọ́ kì í sì í tètè gbé ọmọ jáde láti abúlé. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n, iṣẹ́ oko kò ṣe é fi sílẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá jókòó sí Iléṣà tí ó ń retí wọn, ọmọ tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ ni yóò máa gbà.

Morley gbé iṣẹ́ lọ bá wọn ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni ó ti ṣètò kíliníìkì àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì kan náà tí ó wọn ọmọ tí ara rẹ̀ le ni ó ń tọ́jú èyí tí ara rẹ̀ kò yá, ní ọjọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n káàdì ìwọ̀n ni kí a dúró lé lórí díẹ̀. Oṣù tí a bí ọmọ ni a kọ́kọ́ ń kọ sí i. Bí ọmọ bá wá, a ó fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀, a ó sì fi ìlà so ó mọ́ ti ìṣáájú. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Abiyamọ tí kò mọ̀wé pàápàá lè rí i. Òun gan-an ni a sì fi káàdì náà lé lọ́wọ́, nínú àpò ọ̀rá, kí ó máa gbé e lọ sílé. Àwọn kan rò pé yóò sọ ọ́ nù. Àwọn abiyamọ tọ́jú tiwọn ju bí ilé ìwòsàn ti ń tọ́jú ìwé lọ.

Ara káàdì yìí ni a tún ń kọ ìdí tí ọmọ kan fi nílò àkíyèsí sí: bóyá ìbejì ni, bóyá òbí rẹ̀ ti kú, bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Ẹ kíyè sí èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Ọmọ tí àdúgbò lè máa fura sí pé àbíkú ni, òun gan-an ni káàdì ní kí nọ́ọ̀sì ṣọ́ jù.

Èmi kò ní sọ pé Morley nìkan ni ó ṣe é. Láìsí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé, ìwé lásán ni káàdì. Ó padà sí Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1961, ó ń kọ́ àwọn dókítà mìíràn níbẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ TALC sílẹ̀ ní ọdún 1965 láti máa fi ìwé olówó pọ́ọ́kú ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀. Ó kú ní ọdún 2009. Irú káàdì náà ti dé ilẹ̀ púpọ̀ ní ayé, ọwọ́ ìyá ni ó sì ń gbé.